Àmúró gáàdì alùpùpù ìrìnàjò: ṣé ó ń gba ẹ́ńjìnnì là ni, àbí férémù ló ń kó ìyà lọ bá?

Oníbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Alùpùpù ìrìnàjò ni mo ń gùn, ó wúwo tó 260 kg kí n tó gbé ẹrù kankan lé e. Gáàdì tó ń dáàbò bo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ti wà lára rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ní báyìí mo ti ra àmúró tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe: irin kan gba iwájú so gáàdì ọ̀tún mọ́ ti òsì, irin kékeré kan sì tún wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń lọ sẹ́yìn. Ẹnìkan ní láìsí àmúró, gáàdì mi ò ju ohun ọ̀ṣọ́ lọ. Ẹlòmíràn ní bí mo bá fi í sí i, ọjọ́ tí alùpùpù bá ṣubú, férémù ló máa bàjẹ́ dípò gáàdì. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ṣé mo sì lè fi í fúnra mi? Àwòrán méjì péré ló wà nínú ìwé tó bá a wá.

* * *

Ìdáhùn:

Àbúrò, òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, àmọ́ kálukú wọn dúró sí ìdajì ọ̀nà.

Gáàdì tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bóòtù méjì tàbí mẹ́ta ló rọ̀ mọ́. Bí alùpùpù bá ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tó yọ síta jù lára gáàdì ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ibẹ̀ sì jìnnà sí bóòtù. Ẹni tó na apá rẹ̀ tàntàn gbé garawa omi mọ̀ pé ọwọ́ kọ́ ló ń ro òun, èjìká ni. Bóòtù ìdí gáàdì ni èjìká yẹn. Iṣẹ́ àmúró ni láti pín ìyà náà: gáàdì òsì kan ilẹ̀, àmúró gbé díẹ̀ nínú agbára náà lọ bá gáàdì ọ̀tún, bóòtù ọ̀tún náà gbé tirẹ̀. Gáàdì kò ní tètè tẹ̀ wọlé lọ bá ike ẹ̀gbẹ́ tàbí ideri ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ń sọ nìyẹn.

Ti ẹnì kejì: irin tó tẹ̀ ti fi títẹ̀ rẹ̀ gba agbára kan tì. Ó bàjẹ́, o ra òmíràn. Bí gáàdì bá wá le débi pé kò fẹ́ tẹ̀ rárá, agbára yẹn kò ní pòórá, ojú ihò bóòtù lára férémù tàbí lára ẹ́ńjìnnì ló ń lọ. Alumíníọ́mù tí wọ́n dà ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀, kì í tẹ̀ bí irin, sísán ló ń sán.

Nítorí náà, kí n tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́: ibo ni irin kékeré méjì tó ń lọ sẹ́yìn yẹn dè mọ́?

* * *

Oníbéèrè:

Méjèèjì parí síbi bóòtù gígùn tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, èyí tó gba ọ̀tún já sí òsì. Ti iwájú ní tirẹ̀, ara páìpù gáàdì ló dì mọ́.

* * *

Ìdáhùn:

Ṣé orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì rẹ jókòó sí, àbí ó dè tààrà mọ́ férémù? Ẹ má ṣe fojú kéré ìbéèrè yìí. Àwọn alùpùpù ìrìnàjò ńlá Harley-Davidson, orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì wọn wà. Bí o bá tan án, wàá rí i tó ń mì tìtì nínú férémù, férémù ò sì mì tó bẹ́ẹ̀. Ara férémù nìkan ni gáàdì wọn ń dè mọ́. Ẹni tó bá fi irin so ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ mọ́ férémù ti pa rọ́bà náà: gbígbọ̀n á gba ọwọ́ dé ibi ìtẹ̀sẹ̀, ojú ìjó àmúró, ìyẹn ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin mọ́ irin, á sì sán láìpẹ́ ọjọ́.

Bí ó bá dè tààrà, tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó mú férémù dúró, kò sí ìjà. Méjèèjì jọ ń gbọ̀n bí ẹyọ kan ni.

Ìrísí ẹ́ńjìnnì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ti BMW R 1250 GS, tí sílíńdà rẹ̀ nà síta lọ́tùn-ún lósì, gáàdì sún mọ́ ideri sílíńdà gan-an. Kó tẹ̀ díẹ̀ péré, ó ti kàn án. Mo fara mọ́ àmúró níbẹ̀ láìjanpata. Níbi tí ẹ́ńjìnnì bá tẹ́ẹ́rẹ́, tí àyè tó ṣe gbẹ̀ẹ́rẹ́gẹ́ wà láàárín gáàdì àti ike, gáàdì lè tẹ̀ kí ó má kan nǹkan kan. Àmúró ibẹ̀, owó ló ń jẹ, ó sì ń fi kún ìwúwo.

* * *

Oníbéèrè:

Ó dè tààrà. Kò sí rọ́bà.

* * *

Ìdáhùn:

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ ti bóòtù wàyí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ ju ibikíbi lọ, ẹni tó sì bà á jẹ́ kì í mọ̀ lọ́jọ́ náà.

Irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu àmúró nípọn. Ká ní ó tó 5 mm. Bí o bá fi bóòtù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dè é, 5 mm ti kúrò nínú eyín (ìlà yíyípo ara bóòtù) tó ń wọlé. Lára bóòtù M8 (ìbú rẹ̀ jẹ́ 8 mm) tí àlàfo láti eyín kan sí èkejì jẹ́ 1.25 mm, odindi eyín mẹ́rin ló lọ yẹn. Bóòtù náà á ṣì dè, á sì le lọ́wọ́ rẹ, ohun tó fi ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Nínú ihò alumíníọ́mù, ó yẹ kí eyín tó wọlé gùn tó ìlọ́po kan ààbọ̀ sí ìlọ́po méjì ìbú bóòtù. M10 ń fẹ́ 15 sí 20 mm. Ti wáyà tín-ínrín bọ inú ihò, fi ìka sàmì sí i, fà á jáde kí o wọ̀n ọ́n. Má sì jẹ́ kí bóòtù gùn jù: bóòtù tó bá ti kan ìsàlẹ̀ ihò á le gbagidi lẹ́nu sípánà nígbà tí àmúró ṣì ń mì lábẹ́ orí rẹ̀.

Àlàfo eyín náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ alùpùpù Japan ń lo M10 tó jẹ́ 1.25 mm. Èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta bóòtù ni 1.5. Wọ́n jọra lójú. Á wọlé fún ìyípo méjì, á wá gan, ẹni tí kò fura á mú sípánà gígùn, á gbọ́ "kà", eyín inú ihò ti jẹ tán nìyẹn. Ìka lásán ni kí o fi yí bóòtù títí yóò fi kù díẹ̀ kó jókòó. Bí ìka ò bá lè yí i, nǹkan kan ò tọ́.

Bóòtù gígùn tó gbé ẹ́ńjìnnì, má fà á jáde kí ihò wá ṣófo. Gbé jáàkì sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, fi pákó sáàárín kí ibi ìkójọ epo má bàa sán, kí o rọra gbé e sókè. Wàá mọ̀ ìgbà tí ìwúwo ẹ́ńjìnnì bá kúrò lórí bóòtù, torí á bẹ̀rẹ̀ sí í yí wẹ́rẹ́. Fi imú bóòtù tuntun ti imú ti àtijọ́, kí tuntun máa wọlé bí àtijọ́ ṣe ń jáde lódìkejì. Bí o bá ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sí ìgbà kankan tí ihò ṣófo, ẹ́ńjìnnì ò sì ní sún kúrò lójú ihò. Mo ti rí ibi tí àwọn méjì fi ọ̀pá ń wá ojú ihò kiri títí ilẹ̀ fi ṣú, torí pé wọ́n yọ bóòtù kan ṣoṣo láìfi nǹkan rọ́pò rẹ̀.

* * *

Ẹlòmíràn:

Bóòtù stainless (irin tí kì í tètè dógùn-ún) ni kí ẹ lò. Èyí tó bá àmúró wá á ti dógùn-ún kí òjò kejì tó rọ̀.

* * *

Ìdáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, ti ẹwà, mi ò bá yín jiyàn. Àmọ́ bóòtù stainless tí wọ́n kọ A2-70 sí lórí, bíi 450 MPa (MPa ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń fa irin) ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà tí kò ní padà sípò mọ́. Èyí tí wọ́n kọ 8.8 sí, nọ́ńbà tó ń sọ bí bóòtù ṣe lágbára tó, ó di 640. Ti 10.9 tó 900. Níbi tí bóòtù kàn ń di ike mú, ẹ lo èyí tó bá wù yín. Níbi tó gbé ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fi síbẹ̀ náà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kó kàn gùn sí i ni.

Stainless tó bá jókòó sínú alumíníọ́mù, tí omi sì ń wọ̀ ọ́, pàápàá omi oníyọ̀, alumíníọ́mù ló ń jẹ. Ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun lẹ́nu ihò náà. Bí dídógùn-ún bá ń dùn yín, ẹ fi gírísì díẹ̀ pa orí bóòtù. Orí nìkan o. Gírísì lára eyín máa ń jẹ́ kí bóòtù fà ju bó ṣe yẹ lọ kí torque wrench (sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń de bóòtù) tó dún.

Fún eyín, ẹ̀kán Loctite (àtè tó ń di eyín bóòtù mú) aláwọ̀ búlúù kan, 243, ti tó. Pupa, 271, ń fẹ́ iná tó tó 250°C kó tó gbà kí ẹ tú u. Ẹni tó fi í sí bóòtù ẹ́ńjìnnì, ẹni tó máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú ló ń bá ṣọ̀tá. Nọ́ọ̀tì tó ní ike nínú, ẹ má fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù èéfín, nítorí ike yẹn kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 120°C.

* * *

Ìdáhùn:

Ọ̀rọ̀ okùn ìdẹrù ni mo mọ̀ pé ó máa dá ìjà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí ihò àmúró àti ti gáàdì ò bá dọ́gba, kí a fi okùn ìdẹrù alágbára fa gáàdì méjèèjì súnmọ́ra títí bóòtù yóò fi wọlé. Àwọn tó ń ta àmúró pàápàá máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní kò ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí o bá tú okùn náà tán, irin tí o fà ṣì fẹ́ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, bóòtù ló sì ń dá a dúró tọ̀sán-tòru. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì wá ń bọ́ sórí rẹ̀. Ojú ìjó ni àbájáde rẹ̀ máa ń hàn sí: ìlà pupa rúsúrúsú kan tó tín-ínrín lórí ọ̀dà dúdú, níbi tí wọ́n ti jó irin pẹlẹbẹ mọ́ páìpù. Ìdọ̀tí ni wọ́n á kọ́kọ́ pè é. Nù ún mọ́, gun alùpùpù, kí o padà wò ó. Bí ìlà náà bá tún yọ, irin ti sán lábẹ́ ọ̀dà.

Bí mo ṣe ń ṣe é: tú gbogbo bóòtù gáàdì rọ̀, má yọ wọ́n. Gbé àmúró sójú ihò, kí o yọjú wò ó. Bí etí irin kan bá bo ihò èkejì díẹ̀, tí ọwọ́ rẹ méjèèjì sì lè tì í sípò, ó tọ́. Bí ọwọ́ ò bá tó o, wáṣà ló ń fẹ́ sáàárín tàbí kí o fi fáìlì fẹ ihò àmúró ní 1 sí 2 mm, kí o wá fi wáṣà nínípọn lé e. Ihò àmúró ni mo sọ. Má fọwọ́ kan ihò férémù.

Lẹ́yìn náà, gbogbo bóòtù gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹyọ kan tó le. Àwọn kan ń dè é láti àárín lọ sẹ́yìn, wọ́n ní àmúró ló yẹ kó pàṣẹ ibi tí gáàdì máa dúró sí. Èmi ò gbà. Ihò férémù kò ṣeé sún, ìdè ti àmúró lára páìpù ló ṣeé sún, nítorí náà ti férémù àti ẹ́ńjìnnì ló ń ṣáájú, ti àmúró ló ń kẹ́yìn. M8 sábà máa ń wà ní bíi 20 sí 25 Nm lórí torque wrench, M10 ní 40 sí 50, àmọ́ bí ìwé àtúnṣe alùpùpù rẹ bá sọ nǹkan mìíràn, òun ni kí o tẹ̀ lé.

Àwọn àmúró kan wà tó ní ìyípo láàárín, tí o lè fi fà wọ́n gùn tàbí kúrú. Ó dára láti fi wá gígùn tó bá alùpùpù rẹ mu. Àwọn kan á wá máa yí i títí á fi dún bí okùn gìtá, wọ́n á ní ó ti fìdí múlẹ̀. Okùn ìdẹrù náà ni, ó kàn wá dúró síbẹ̀ títí láé ni.

* * *

Ẹlòmíràn:

Èmi ò mọ ohun tí ẹ ń jà sí. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi gáàdì dáàbò bò. Bó bá ṣe le tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dáa tó.

* * *

Ìdáhùn:

Ohun tó ń bà yín lẹ́rù yé mi, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé e. Ìwádìí tí Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California gbé jáde ní 1981 yẹ ìjàǹbá alùpùpù 900 wò fínnífínní ní agbègbè Los Angeles. Ohun tí wọ́n rí nípa gáàdì ni pé ó dín ọgbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ kù, àmọ́ ọgbẹ́ itan, orúnkún àti ojúgun pọ̀ sí i tó fi pa èrè náà rẹ́. Wọ́n kọ ọ́ kedere pé kì í ṣe ohun tó ń dènà ọgbẹ́ lọ́nà tó múná dóko. Àmúró ò yí ìyẹn padà. Ẹ ra bàtà tó gba kókósẹ̀, kí ẹ fi gáàdì sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí gáàdì àti àmúró mọ̀ ọ́n ṣe ni ìṣubú kékeré: alùpùpù dúró, ẹsẹ̀ yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó dùbúlẹ̀ gbì. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ níbi tó jìnnà sí mẹkáníìkì, ideri ẹ́ńjìnnì tó sán lè fòpin sí ìrìnàjò náà. Torí ìyẹn ni mo ṣe ń lò ó.

* * *

Ìdáhùn:

Ká padà sí ti iwájú. Irin tó gba iwájú rèdíétọ̀ kọjá, ẹ wo àyè tó wà láàárín òun àti táyà. Kì í ṣe ìgbà tí alùpùpù dúró jẹ́ẹ́ lórí ìdúró o. Bí o bá tẹ bíréèkì iwájú lójijì lójú ọ̀nà gelete, ṣọ́ọ̀kì iwájú á wọlé dé òpin, táyà á sì sún sókè sún sẹ́yìn. Àyè tó dà bí èyí tó pọ̀ á wá tán. Mú ìwọ̀n bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń wọlé tó láti inú ìwé alùpùpù rẹ, kí o wọ̀n ọ́n sókè láti ojú táyà ní ìhà tí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì kọjú sí. Bí àmúró bá wà lójú ọ̀nà yẹn, tàbí tó sún mọ́ ọn, má fi í sí i. Táyà tó kan irin nígbà tí o ń tẹ bíréèkì burú ju ideri ẹ́ńjìnnì tó sán lọ.

Yí ọwọ́ alùpùpù dé òpin lápá ọ̀tún, dé òpin lápá òsì. Wo okùn bíréèkì àti wáyà. Bóòtù tí a ń tú kí epo ẹ́ńjìnnì lè dà jáde àti fílítà epo, ṣé ọwọ́ ṣì ń dé ibẹ̀? Mo mọ àmúró kan tó jẹ́ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ tú u kó tó lè pààrọ̀ fílítà epo, ẹni tó yà á sórí pépà kò gun alùpùpù yẹn rí.

Ìdè rẹ̀ lára páìpù náà: wọ̀n páìpù gáàdì kí o tó ra ohunkóhun. Páìpù wà ní 22 mm, ó wà ní 25, wọ́n sì tún ń ṣe 28. Ìdè tí wọ́n ṣe fún 25 lára 22, bí o bá fi rọ́bà kún un, á máa yọ̀. Ìbú sì ṣe pàtàkì ju orúkọ irin tí wọ́n kọ sára páálí lọ: páìpù 25 mm fi nǹkan bí ìdajì le ju ti 22 lọ bí ìnípọn ara wọn bá dọ́gba, títẹ stainless díẹ̀ kò sì le ju ti irin lásán lọ.

Fa ìlà ọ̀dà funfun kan láti orí bóòtù kọjá sórí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ìlà náà bá pín sí méjì, bóòtù ti yí. Kí o tún fi torque wrench yẹ àwọn bóòtù wò lẹ́yìn bíi 100 sí 200 km àkọ́kọ́, torí ọ̀dà nínípọn tí wọ́n sè mọ́ irin máa ń fún pẹlẹbẹ lábẹ́ wáṣà, bóòtù á sì rọ̀ láìyí rárá.

* * *

Oníbéèrè:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gbé e sí i láìdè é. Ti iwájú wọlé pẹ̀lú ìka lásán, kò sì sún mọ́ táyà. Irin ẹ̀yìn ọ̀tún náà bọ́ sójú ihò. Ti òsì fi 6 mm ṣì í, ọwọ́ mi méjèèjì ò tì í débẹ̀. Ṣé kí n fẹ ihò rẹ̀? Mo tún fẹ́ gbé iná kùrukùru sórí irin iwájú.

* * *

Ìdáhùn:

Fífẹ ihò ní 6 mm, etí irin tó máa kù kò ní nípọn tó láti di nǹkan kan mú. Má fẹ̀ ẹ́. Má sì fi ti ọ̀tún nìkan sílẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ kan á le, èkejì á rọ̀, a ò sì mọ ẹ̀gbẹ́ tí alùpùpù máa yàn láti ṣubú sí. Tú irin ẹ̀yìn méjèèjì, dá wọn padà fún ẹni tó tà á fún ọ, kí o fi fọ́tò ihò yẹn ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má bàa sọ pé o kò mọ̀ ọ́n fi. Bóòtù gígùn ẹ́ńjìnnì rẹ á wà bó ṣe wà, o ò ní nílò jáàkì rárá.

Ti iwájú, dè é. Òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Iná kùrukùru, gbé e sórí páìpù gáàdì, súnmọ́ ibi tí bóòtù rẹ̀ wà. Àárín irin iwájú ló ń gbọ̀n jù, ibẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ rèdíétọ̀ ń gbà wọlé.